Bí Wọ́n Bá Ní Wọ́n Ti Yí Bíbélì Padà

Àbúrò mi, sún mọ́ mi, ọ̀rọ̀ obìnrin sí obìnrin ni. Kì í ṣe èébú ló ń pa ọ̀pọ̀ nínú wa lẹ́nu mọ́ nídìí ìwàásù. Èébú ò le, a ti mọ bí a ṣe ń gbójú fò ó. Ìbéèrè pẹ̀lẹ́ ló ń dá wa dúró. O jókòó síbi tí wọ́n ti ń dirun fún ọ, o ti sọ̀rọ̀ Jésù dé ibi tó dùn, onídìrí rẹ tó jẹ́ Mùsùlùmí wá rọra ní, "Àǹtí, ẹ má bínú o, ṣé wọn ò ti yí Bíbélì yín yẹn padà ni?" Ó tán. Òmíràn nínú wa á gbóhùn sókè, òmíràn á sáré yí ọ̀rọ̀ sí bí Ọlọ́run ṣe wo ọmọ òun sàn. Mi ò kẹ́gàn ẹ̀rí ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ìwé ni ọmọbìnrin yẹn béèrè, ìwé náà ni kó o fi dá a lóhùn.

O ò nílò láti mọ gbogbo nǹkan. Mú ibì kan ṣoṣo nínú Bíbélì, kó o mọ̀ ọ́n tinú tòde. Bó o bá bi mí, Aísáyà ni mo ní kó o mú.

Ní 1947, àwọn darandaran Bedouin rí ìkòkò amọ̀ nínú ihò àpáta kan ní Kúmúránì, lẹ́bàá Òkun Òkú. Ìwé awọ tí wọ́n ká bí ẹní ló wà nínú wọn. Ọ̀kan lára wọn ni ìwé Aísáyà, láti orí kìíní dé orí 66, gígùn rẹ̀ lé ní mítà 7. Àwọn tó mọ ìwé àtijọ́ ní ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti kọ ọ́ kí wọ́n tó bí Jésù. Kí wọ́n tó rí i, odindi Májẹ̀mú Láéláé lédè Hébérù tó pẹ́ jù lọ́wọ́ ayé, nǹkan bí ọdún 1008 ni wọ́n dà á kọ. Ẹgbẹ̀rún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ló wà láàrin ìwé méjèèjì, ọwọ́ àwọn adàwékọ tí a ò mọ orúkọ wọn ni wọ́n sì gbà kọjá. Bí èèyàn bá fẹ́ ba ìwé jẹ́, àyè wà níbẹ̀ dáadáa. Àmọ́ nígbà tí wọ́n gbé méjèèjì síra, Aísáyà tí à ń kà ni Aísáyà tó wà nínú ìkòkò.

Ìyàtọ̀ wà o, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́ pé kò sí. Sípẹ́lì yàtọ̀ níbi púpọ̀, adàwékọ fo ọ̀rọ̀ níbi kan, ó fi kún un níbòmíràn. Ní orí 53 ẹsẹ 11, ìwé Kúmúránì ní "ìmọ́lẹ̀" tí ìwé Hébérù tó dé lẹ́yìn ò ní, àwọn Bíbélì tuntun kan sì ti dá a padà sáàyè rẹ̀. Bó o bá fi irú èyí han ẹni tó ń jiyàn kó tó bá ọ rí i, yóò gbà pé o ò wá rẹ́ òun jẹ. Lẹ́yìn náà ni kó o wá sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù: orí 53 yẹn, níbi tí ìránṣẹ́ kan ti ń jìyà nítorí ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ẹlòmíràn, ti wà lórí awọ kí ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ Kristẹni tó dé ayé. A ò lè lọ kì í bọ̀ ọ́ lẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n má sọ ju ohun tí ẹ̀rí sọ lọ. Ìwé awọ lè fi hàn pé ọ̀rọ̀ ò yí padà, kò lè fi hàn pé Ọlọ́run ló rán Aísáyà. Ibẹ̀ ni ìgbàgbọ́ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ ò tiẹ̀ ní àwáwí, ọ̀fẹ́ ni wíwọ British Museum. Aísáyà orí 36 àti 37 sọ bí Senakéríbù ọba Ásíríà ṣe gbógun wá bá Hesekáyà ọba Júdà. Ọba yẹn kọ tẹnu tirẹ̀ sára amọ̀ sísun oníhà mẹ́fà, ó sì wà níbẹ̀ lónìí. Ó fọ́nnu pé òun gba ìlú olódi 46, ó ní òun há Hesekáyà mọ́ Jerúsálẹ́mù bí ẹyẹ inú àgò. Wá ibi tó ti ní òun wọ Jerúsálẹ́mù, o ò ní rí i. Ọba tó lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀! Lákíṣì, ìlú Júdà tó gbà, ńkọ́? Ó gbẹ́ àwòrán rẹ̀ sára ògiri ààfin ní Nínéfè, wọ́n sì ti kó o wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Wo àwọn obìnrin Júdà tí wọ́n ń kó lọ sígbèkùn níbẹ̀ dáadáa, àwọn kan gbé ẹrù, àwọn kan jókòó pẹ̀lú ọmọ wẹ́wẹ́ lórí kẹ̀kẹ́ tí màlúù ń fà. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí bí Ìwé Àwọn Ọba Kejì orí 18, tó sọ ìtàn ogun kan náà, ṣe máa dà bí àlọ́ létí rẹ mọ́. Orí yẹn náà ní Hesekáyà san tálẹ́ńtì wúrà 30. Senakéríbù náà ní 30. Fàdákà ni wọn ò fẹnu kò lé lórí, Bíbélì ní 300, ó ní 800. Sọ ìyẹn náà.

Mo gbọ́dọ̀ bá ọ wí lórí ọ̀rọ̀ WhatsApp. Èyí tí wọ́n ní àwọn NASA fi kọ̀ǹpútà rí ọjọ́ tí oòrùn dúró fún Jóṣúà, irọ́ ni. Ọjọ́ tó o bá fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ yunifásítì kan, tó sì wádìí rẹ̀ lórí fóònù lójú ẹsẹ̀, ọjọ́ náà lo ba òótọ́ tó o máa sọ lọ́la jẹ́. Bákan náà ni ẹsẹ tí a ń já gbà láìka iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀. Jeremáyà 29 ẹsẹ 11 tí a ń kọ sára kéèkì ọjọ́ ìbí, lẹ́tà sí àwọn ìgbèkùn ni, ẹsẹ 10 sì ti sọ fún wọn pé 70 ọdún ni wọ́n máa lò ní Bábílónì. Ìrètí ṣì ni, ṣùgbọ́n ìrètí tó ní sùúrù.

Nínú ilé ọkọ, Pétérù Kìn-ín-ní 3 ẹsẹ 15 ni kó o dì mú. Pétérù ní ká múra ìdáhùn sílẹ̀, kò sì ní ká fi ìwọ̀sí dáhùn. Bí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ bá ń jiyàn níwájú àwọn ọmọ rẹ̀, má wá bí o ṣe máa ṣẹ́gun rẹ̀ níbẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n gbé ìwé náà wá fún yín lọ́la, sà" ti tó. Bó bá jẹ́ ìyá ọkọ ni, Bíbélì Yorùbá ni kó o gbé wá, èyí tí Àjàyí Crowther ṣe gudugudu méje nídìí rẹ̀, tó sì jáde lódindi ní 1884. Ọ̀rọ̀ tí màmá gbọ́ lédè tí wọ́n fi tọ́ wọn dàgbà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọ ilé ìwé mọ́ létí wọn.

Bá a ṣe ń ṣe é gan-an, wo Fílípì nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 8. Aísáyà 53 yẹn náà ni ìwẹ̀fà ará Etiópíà ń kà nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin rẹ̀. Fílípì béèrè bóyá ó yé e, ó dúró títí ọkùnrin náà fi pè é gòkè, ibi tí ìwé ṣí sí ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, gbé Bíbélì fún onídìrí rẹ kó fi ẹnu ara rẹ̀ kà á sókè. Orí 52 ẹsẹ 13 ni kó ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìránṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́. Má dá sí i. Bó bá kà á tán, bi í léèrè ohun tí ìwẹ̀fà bi Fílípì: ta ni wòlíì yìí ń sọ̀rọ̀ rẹ̀? Ó lè ní Jésù ni. Ó lè ní òun ti gbọ́ pé àwọn Júù ń sọ pé orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì ni, wọn ò sì sọ bẹ́ẹ̀ láìnídìí, torí orí 49 ẹsẹ 3 pe Ísírẹ́lì ní ìránṣẹ́. Kó tó di ọjọ́ náà, kí ìwọ ti ka orí 49 ré kọjá ẹsẹ 3, kó o rí ẹsẹ 5 àti 6 níbi tí wọ́n ti rán ìránṣẹ́ kan náà sí Ísírẹ́lì fúnra rẹ̀. Bó bá ní òun fẹ́ lọ rò ó, jẹ́ kó lọ rò ó. Irun ò kúkú ní pẹ́ gbó, wàá tún padà lọ dì í.