Ẹ̀KỌ́ OKÒWÒ: Orúkọ Gbajúmọ̀ Kì í San Owó Ilé-Ìwé

Ẹ̀kọ́ wa lónìí dá lórí bí àwọn yunifásítì ṣe ń fi gbajúmọ̀ eléré ìdárayá polówó ara wọn.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ní 1980, Hakeem Olajuwon, ọmọ Yorùbá láti Èkó, wọ Yunifásítì Houston. Ẹgbẹ́ basketball wọn wà lára mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú ìdíje NCAA ní 1982, 1983 àti 1984. Ọ̀pọ̀ wa ni ó jẹ́ pé nítorí Olajuwon ni a fi kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ ilé-ìwé náà. Ìpolówó ńlá ni, ṣùgbọ́n òfin NCAA kò gbà kí eléré gba kọ́bọ̀ lórí orúkọ àti àwòrán ara rẹ̀ títí di July 1, 2021.

Ṣé ìpolówó yìí ń mówó wọlé? Bẹ́ẹ̀ ni. Ìwádìí kan láti Harvard tó jáde ní 2013 fi hàn pé bí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ilé-ìwé kan bá ti ipò àárín bọ́ sí ipò iwájú, àwọn tó ń kọ̀wé béèrè ààyè níbẹ̀ máa ń fi nǹkan bíi 18 nínú 100 pọ̀ sí i.

Ṣùgbọ́n ọjà ni a ń rà, a kì í ra ẹni tó ń kiri rẹ̀. Kí a tó sanwó, ẹ jẹ́ kí a béèrè:

1. Eélòó ni gbogbo ìnáwó ọdún kan, ilé àti oúnjẹ pẹ̀lú, lẹ́yìn ìrànwọ́?
2. Mélòó nínú àwọn tó wọlé ló ń gba oyè jáde? College Scorecard ìjọba àpapọ̀ ń fi èyí hàn lọ́fẹ̀ẹ́.
3. Ọmọ tí kì í ṣe eléré ńkọ́, kí ló wà fún un?

Ní Lawrenceville níbí ni Georgia Gwinnett College wà, tó ṣílẹ̀kùn ní 2006. Ẹgbẹ́ baseball wọn gba ife NAIA ní 2021, síbẹ̀ a kì í fi bẹ́ẹ̀ rí wọn lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ tó ń gbé Georgia, tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà tàbí tó ní green card, tí máàkì rẹ̀ ní háískúùlù kò dín sí 3.0, tó sì pé òfin yòókù, lè lo owó HOPE níbẹ̀. Láti 1993 ni Georgia ti ń fún àwọn ọmọ ní owó yìí, kò sì béèrè bí ẹnikẹ́ni ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù.

Ìkìlọ̀ kan: ọmọ tó wà lórí físà F-1 kò gbọdọ̀ fọwọ́ sí ìwé ìpolówó kankan láìrí lọ́yà ìmígíréṣọ̀n. Àyè tí NCAA fúnni kò yí òfin físà padà.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Àwọn ọmọ wa kò ní jẹ gbèsè òfo. Àṣẹ.