Pírńtà tó lóṣòó: bí a ṣe ń yanjú wàhálà tíréè àti driver ní ọ́fíìsì

Ẹ̀kọ́ tòní dá lórí pírńtà ọ́fíìsì, èyí tí kọ̀ǹpútà márùn-ún, mẹ́wàá tàbí ogún jọ ń lò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ṣoṣo. Iṣẹ́ mi ni kí n máa tún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe láàárín Òṣogbo àti Iléṣà. Ohun tí mo sì ń bá pàdé jù ni èyí: bébà kún inú tíréè, síbẹ̀ pírńtà ní àfi kí wọ́n fi bébà sí i. Tàbí kó lọ fa bébà olówó iyebíye tí wọ́n tẹ orúkọ ọ́fíìsì sí lórí, kó fi tẹ àkọsílẹ̀ ìpàdé lásán.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ ò ju ẹyọ kan lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà tí pírńtà bá ń ṣe báyìí, kò sí nǹkan kan tó bàjẹ́ lára rẹ̀. Àwọn mẹ́ta kan ni ọ̀rọ̀ wọn ò bára mu. Kí ẹ tó yọ owó, ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ láàárín wọn.

Ta ló ránṣẹ́, ta ló jẹ́ ẹ?

Ẹ wò ó báyìí. Ìyá kan rán ọmọ rẹ̀ lọ sí ọjà Àtakúnmọ́sà ní Iléṣà pé kó lọ ra gààrí. Ìyá ló ránṣẹ́, ọmọ ló jẹ́ ẹ, ìyá ológààrí ló ni igbá. Nídìí pírńtà, Word, Excel tàbí PDF tí ẹ ṣí ni ìyá tó ránṣẹ́. Driver ni ọmọ náà: ètò kan tó wà lórí kọ̀ǹpútà, tó ń túmọ̀ ohun tí ẹ kọ sí èdè tí pírńtà gbọ́. Pírńtà ni ológààrí, àwọn tíréè rẹ̀ sì ni igbá.

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Driver ò mọ ìyẹn o. Bí ẹ bá ṣe rán an náà ló ṣe máa jẹ́ ẹ. Bí Word bá ní bébà "Letter" lòun fẹ́, ohun tí driver máa lọ bá pírńtà sọ nìyẹn, ì báà jẹ́ pé ẹ wá gbogbo Òkè-Fìà títí dé Ọláìyá tí ẹ ò rí bébà Letter rà.

A4 àti Letter: ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀

Bébà tí à ń lò ní Nàìjíríà ni A4: mílímítà 210 ní fífẹ̀, 297 ní gígùn. Ti Amẹ́ríkà ni Letter: 216 ní fífẹ̀, 279 ní gígùn. Ìyẹn ni pé Letter fi mílímítà 6 fẹ̀ ju A4 lọ, A4 sì fi 18 gùn jù ú. Bí ẹ bá gbé wọn dání lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ lè má tètè mọ èwo ni èwo. Pírńtà mọ̀.

Níbo ni A4 ti wá? Ní 1786, Georg Christoph Lichtenberg, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Jámánì, kọ lẹ́tà kan nípa bébà kan tó ní ìwà àrà: bí gígùn rẹ̀ bá jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po 1.414 fífẹ̀ rẹ̀, tí ẹ bá gé e sí méjì dọ́gba, ààbọ̀ kọ̀ọ̀kan á ṣì ní ìrísí kan náà pẹ̀lú odidi. Ẹ mú A4 kan, ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì, A5 lẹ rí yẹn. Ní 1922, Jámánì sọ ìwọ̀n yìí di ìlànà. Ní 1975, ó di ìlànà àgbáyé tí wọ́n ń pè ní ISO 216. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn orílẹ̀-èdè ayé ń lò ó. Amẹ́ríkà ò bá wọn lọ.

Amẹ́ríkà yìí náà ni Windows ti wá. Bí ẹni tó gbé Windows sórí kọ̀ǹpútà yín bá fi "English (United States)" sílẹ̀ bó ṣe wà, Letter ni ó sábà máa ń fún yín láìjẹ́ pé ẹ bèèrè. Ẹ ò ní mọ̀, nítorí pé lójú kọ̀ǹpútà, ojú ìwé funfun ni gbogbo wọn.

Bí iṣẹ́ Letter bá wá dé ọ̀dọ̀ pírńtà tó jẹ́ pé A4 nìkan ló wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn á dúró, wọ́n á sì kọ ọ́ sójú pé "Load Letter". Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ẹ kúkú mọ òṣómàáló: àwọn oníṣòwò wa ìgbà kan tó ń ta aṣọ láwìn kiri, tí wọ́n bá sì dé ẹnu ọ̀nà onígbèsè, wọ́n á ní òṣó làwọn máa ló títí àwọn á fi gba owó àwọn. Pírńtà ti lóṣòó nìyẹn. Kò ní dìde, iṣẹ́ gbogbo àwọn tó kù lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì á sì tò sẹ́yìn.

Ní ilé-ìwé girama kan ní Iléṣà, irọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ìdánwò ku ọ̀la gan-an ni èyí ṣẹlẹ̀. Ẹnìkan ti sọ fún wọn pé roller ló ti bàjẹ́, ìyẹn rọ́bà tó ń fa bébà wọlé, kí wọ́n lọ ra tuntun. Ìbéèrè tí mo bi wọ́n ò ju pé: iṣẹ́ ta ló wà níwájú? A ṣí ìlà iṣẹ́ pírńtà lórí kọ̀ǹpútà, a sì rí i pé ìwé olùkọ́ kan, tó fi laptop tiẹ̀ ránṣẹ́, ló jẹ́ Letter. A fagi lé e, a yí ìwé náà sí A4, a tún un rán. Ìbéèrè ìdánwò bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ká ní wọ́n ra roller ọ̀hún ni, owó á lọ, pírńtà á ṣì lóṣòó síbẹ̀, àwọn ọmọ á sì jókòó sí gbọ̀ngàn láàárọ̀ láìrí ìbéèrè.

Ẹ fi etí sílẹ̀ kí ẹ tó dá roller lẹ́bi

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bóyá roller ni lóòótọ́? Ẹ gbọ́ ìró rẹ̀. Bí pírńtà bá bèèrè bébà láìtilẹ̀ gbìyànjú láti fa ọ̀kankan, ọ̀rọ̀ ètò ni: ìwọ̀n tàbí irú bébà ni kò bára mu. Àmọ́ bí ẹ bá gbọ́ tí nǹkan ń yí nínú, tó ń gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, tí bébà ò sì tẹ̀ lé e, ìgbà yẹn lẹ lè fura sí roller. Eruku ọyẹ́ máa ń bò ó, á wá máa yọ̀. Nígbà òjò ẹ̀wẹ̀, bébà tí wọ́n ṣí sílẹ̀ máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, á ká, á sì lẹ̀ mọ́ra wọn. Ẹ máa fi bébà sínú ọ̀rá rẹ̀, kí ẹ sì fẹ́ ẹ dáadáa kí ẹ tó kó o sí tíréè.

Ohun tí ẹ sọ fún tíréè ló gbà gbọ́

Ọ̀pọ̀ tíréè ni kò lójú. Àwọn kan lè fi ibi tí ẹ ti àwọn ike tó ń di bébà mú sí mọ ìwọ̀n rẹ̀. Àwọn mìíràn, ohun tí ẹ bá yàn lójú pírńtà ni wọ́n dì mú. Irú bébà ńkọ́, bóyá ó nípọn tàbí ó jẹ́ letterhead? Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún un. Bí ẹ bá yan "Plain" lórí kọ̀ǹpútà, tí tíréè sì gbà pé bébà tó nípọn ló wà nínú òun, òṣó náà ni.

Ibí yìí ni letterhead ti ń ṣòfò. Lórí ọ̀pọ̀ pírńtà, Tray 1 ni èyí tó ṣí síwájú. Bí ètò rẹ̀ bá jẹ́ "Any size" àti "Any type", pírńtà lè máa mú bébà níbẹ̀ ṣáájú, ohun yòówù kí ẹ rán an. Ẹ yí irú bébà ibẹ̀ sí "Letterhead". Ẹni tó bá bèèrè letterhead nìkan ló máa rí i gbà. Fún lẹ́tà olójú ìwé púpọ̀, ẹ ṣí Page Setup nínú Word, ẹ lọ sí "Paper", ẹ fi Tray 1 sí "First page", kí ẹ fi Tray 2 sí "Other pages". Ojú ìwé àkọ́kọ́ nìkan ló máa ní orúkọ ọ́fíìsì.

Nígbà tó bá jẹ́ pé driver ni

Èdè tí pírńtà ń gbọ́ ju ẹyọ kan lọ. HP gbé PCL jáde, Adobe gbé PostScript jáde, àwọn méjèèjì sì ti wà láti nǹkan bí 1984. Bí driver bá ń sọ èdè tí pírńtà yín ò gbọ́, ẹ lè rí kí ó máa pọ ojú ìwé tó kún fún àmì tí kò nítumọ̀.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé driver ò mọ̀ pé tíréè kejì wà. Wọ́n ra tíréè kún un, ó wà lábẹ́ pírńtà gbangba, àmọ́ kò sí lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ lọ sí "Printer properties", ẹ ṣí "Device Settings", ẹ wo "Installable Options", kí ẹ sọ fún un pé ó wà. Lójú kan náà lẹ máa rí "Form To Tray Assignment", ibi tí ẹ ti ń sọ pé A4 wà ní tíréè báyìí. Bí ẹ ò bá rí wọn rárá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ driver gbogbogbòò tí Windows fúnra rẹ̀ mú wá ló wà níbẹ̀. Ẹ lọ sí ojúlé ẹni tó ṣe pírńtà náà, kí ẹ gba driver tó bá nọ́ńbà rẹ̀ mu pátápátá. Ẹ má gbà á níbòmíràn o. Ní 2021, ihò ààbò kan tí wọ́n pè ní PrintNightmare jáde nínú ètò ìtẹ̀wé Windows. Látìgbà náà, Windows ti ń bèèrè password alákòóso kó tó gba driver láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí ó bá bèèrè, kì í ṣe wàhálà, ààbò yín ni.

Iná lọ, iná dé

Nígbà míì, gbogbo ètò ló pé, kọ̀ǹpútà á sì ní pírńtà wà ní "Offline". Bí iná bá lọ tó sì dé, router lè fún pírńtà ní àdírẹ́sì tuntun. Kọ̀ǹpútà á ṣì máa kan ilẹ̀kùn ilé àtijọ́. Ẹ tẹ ojú ìwé ètò jáde láti ara pírńtà fúnra rẹ̀, ẹ wo àdírẹ́sì IP rẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ sì lọ sínú router láti so àdírẹ́sì kan mọ́ ọn títí láé. Ẹ kọ àdírẹ́sì yẹn sínú browser: ojú ìwé pírńtà á ṣí, ẹ lè tún ti ibẹ̀ ṣètò àwọn tíréè láìdìde lórí àga.

Bí ẹ ṣe máa tò ó

1. Ẹ wo ìlà iṣẹ́. Iṣẹ́ ta ló wà níwájú? Ìwọ̀n wo ló bèèrè?
2. Ẹ wo ìwé náà fúnra rẹ̀: ṣé A4 ni?
3. Ẹ wo ojú pírńtà: kí ni tíréè kọ̀ọ̀kan gbà pé ó wà nínú òun? Ṣé òun náà ló wà níbẹ̀?
4. Ẹ wo driver: ṣé ó mọ gbogbo tíréè? Ṣé A4 ni ìwọ̀n àkọ́kọ́ rẹ̀?
5. Ẹ rán iṣẹ́ kan náà láti kọ̀ǹpútà mìíràn. Bí ó bá jáde, kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ ló lẹ́jọ́ ọ̀hún.
6. Ẹ wo àdírẹ́sì.
7. Roller àti àwọn ẹ̀yà inú ló kẹ́yìn.

Tí ẹ bá parí, ẹ kọ ohun tó wà ní tíréè kọ̀ọ̀kan àti àdírẹ́sì IP sórí bébà kékeré, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara pírńtà. Ẹni tó bá dé sí ọ́fíìsì lọ́dún tó ń bọ̀ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.