Olùkọ́ àti Àwọn Irinṣẹ́ Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ jẹ mọ́ bí olùkọ́ ṣe lè kọ́ ìlò àwọn irinṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó sì mú wọn wọ kíláàsì. A kò fẹ́ yìn wọ́n ju bí ó ti yẹ lọ, bẹ́ẹ̀ ni a kò fẹ́ kẹ́gàn wọn. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni èyí: ẹ̀kọ́ ni ó yẹ kí ó máa yan irinṣẹ́, kí irinṣẹ́ má ṣe máa yan ẹ̀kọ́. Olùkọ́ tí ó bá di òtítọ́ yìí mú, bí fóònù kan ṣoṣo ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò lò ó fún ire àwọn ọmọ. Ẹni tí ó bá sì gbàgbé rẹ̀, bí a tilẹ̀ kó kọ̀ǹpútà kún yàrá rẹ̀, àwọn ọmọ yóò kàn wòran ni, wọn yóò sì padà sílé bí wọ́n ti wá.

ÌDÍ TÍ Ó FI YẸ KÍ A KỌ́ Ọ

Ní oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà gba ayé kan, a ti ilẹ̀kùn àwọn ilé ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Àjọ UNESCO fi hàn pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ọ̀ràn yìí kàn ní gbogbo ayé ju bílíọ̀nù kan àbọ̀ lọ. Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ gbé ẹ̀kọ́ sórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí apá wọn ká a lo Zoom, Google Classroom àti WhatsApp. Nígbà náà ni ó hàn gbangba pé ìṣòro méjì ni ó wà níwájú wa. Èkíní ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ kò ní fóònù, owó dátà sì wọ́n àwọn òbí wọn. Èkejì ni pé ọ̀pọ̀ olùkọ́ tí ó ní fóònù kò tíì mọ bí a ti ń fi í kọ́ ọmọ. Ìṣòro kìíní tóbi ju agbára akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Ṣùgbọ́n èkejì wà ní ìkáwọ́ wa, àwa tí a ṣì ní àkókò láti kọ́ṣẹ́ kí a tó gba kíláàsì tiwa. Bí a kò bá kọ́ ọ nísinsin yìí, àwọn ọmọ tí a óò kọ́ ni yóò san gbèsè rẹ̀.

IRÚ IRINṢẸ́ TÍ Ó WÀ

A lè pín àwọn irinṣẹ́ wọ̀nyí sí ọ̀nà mẹ́rin, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe.

Èkíní ni èyí tí a fi ń wá ìmọ̀, bí Wikipedia tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2001, tí ó sì ní ẹ̀ka ti èdè Yorùbá. Èkejì ni èyí tí a fi ń fi nǹkan hàn, bí PhET fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, àti GeoGebra fún ìṣirò. Ẹ̀kẹta ni èyí tí a fi ń fún ọmọ ní iṣẹ́, tí a sì ń fi dán an wò, bí Google Classroom tí ó jáde ní ọdún 2014, àti Kahoot tí ó ti Norway wá. Ẹ̀kẹrin ni èyí tí a fi ń bá òbí àti ọmọ sọ̀rọ̀, bí WhatsApp.

Ó yẹ kí a kíyè sí bí díẹ̀ nínú wọn ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2004, Salman Khan, ẹni tí ń gbé Amẹ́ríkà, ń kọ́ ìbátan rẹ̀ kan tí ìṣirò ń dà láàmú. Ìlú tí àwọn méjèèjì wà jìnnà sí ara wọn, nítorí náà ó fi tẹlifóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ ọ. Nígbà tí àwọn ìbátan mìíràn tún béèrè, ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣe fídíò kéékèèké, láti inú èyí ni Khan Academy ti jáde ní ọdún 2008. Bákan náà ni Carl Wieman, ẹni tí ó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ físíìsì ní ọdún 2001, dá PhET sílẹ̀ ní Yunifásítì Colorado ní ọdún 2002, nítorí ó fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ojú rí ohun tí ẹnu lásán kò lè ṣàlàyé tán. Àwọn ọkùnrin méjèèjì yìí rí ìṣòro akẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n tó wá irinṣẹ́. Ọ̀nà kan náà ni ó yẹ kí àwa pẹ̀lú máa tọ̀.

Ẹ̀KỌ́ ÀPẸẸRẸ: ÌDÁ, FÚN KÍLÁÀSÌ KẸRIN

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹ̀kọ́ kan wò. Olùkọ́ tí ó bá ti kọ́ ìdá rí mọ̀ pé ohun kan wà tí ó máa ń dojú rú fún àwọn ọmọ: wọ́n rò pé 1/8 ju 1/4 lọ, nítorí pé 8 ju 4 lọ. Èyí ni ìṣòro. Ohun tí yóò mú un kúrò ni a ń wá.

Ìgbésẹ̀ kìíní. Olùkọ́ mú ọsàn méjì tí kò ju ara wọn lọ. Ó gé ọ̀kan sí mẹ́rin, ó gé èkejì sí mẹ́jọ. Ó wá béèrè pé, “Bí ebi bá ń pa yín, èwo ni ẹ óò mú, ẹyọ kan nínú mẹ́rin ni, tàbí ẹyọ kan nínú mẹ́jọ?” Kò sí ọmọ tí yóò ṣì í mú. Ìṣẹ́jú 10 tó fún èyí.

Ìgbésẹ̀ kejì. Nísinsin yìí ni fóònù wúlò. Olùkọ́ ṣí eré ìdá ti PhET, níbi tí a ti lè pín àwòrán róbótó tàbí ọ̀pá gbọọrọ sí ọ̀nà méjì, mẹ́ta, títí dé mẹ́jọ. Bí ọmọ bá ti ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ tí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí i tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ń kéré sí i. Ọsàn kò lè ṣe èyí, nítorí ohun tí a bá ti gé kò tún ṣe é so pọ̀ mọ́. Bí àwọn ọmọ bá jẹ́ 40, fóònù kan kò lè tó wọn wò lẹ́ẹ̀kan náà. Kí a pín wọn sí ẹgbẹ́ 8, ọmọ 5 nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lo ìṣẹ́jú 3 nídìí fóònù. Èyí yóò jẹ́ ìṣẹ́jú 24. Ẹgbẹ́ tí kò sí nídìí fóònù kò gbọdọ̀ jókòó lásán. Kí wọ́n máa ṣẹ́ ìwé pẹlẹbẹ po sí méjì, sí mẹ́rin, sí mẹ́jọ, kí wọ́n sì fi pẹ́ńsù kun ẹyọ kan.

Ìgbésẹ̀ kẹta. Ní ìṣẹ́jú 6 tí ó kù, kí a gbé fóònù sápò. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ ìdáhùn sínú ìwé rẹ̀: èwo ni ó tóbi jù nínú 1/3 àti 1/6, kí sì ni ìdí rẹ̀? Ìdí tí ọmọ bá sọ ni yóò fi hàn wá bóyá ẹ̀kọ́ wọlé, nítorí ọmọ lè fi orí là á kí ó mú èyí tí ó tọ̀nà.

Ẹ ṣàkíyèsí pé bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá sí rárá, ìgbésẹ̀ kìíní àti ìkẹta ṣì dúró, ìwé ṣíṣẹ́po sì lè rọ́pò ìkejì. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí gbogbo ẹ̀kọ́ wa rí.

BÍ OLÙKỌ́ ṢE LÈ KỌ́ ÌLÒ WỌN

Kí a mú irinṣẹ́ kan ṣoṣo fún sáà kan, kí a mọ̀ ọ́n dájú, kí a tó nawọ́ sí òmíràn. Kí a fi ojú ọmọ lò ó nílé ṣáájú, kí a sì kọ gbogbo ibi tí ọmọ lè kọsẹ̀ sílẹ̀. Àwọn eré PhET ṣe é gbà sórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà. Nítorí náà kí a gbà á sílẹ̀ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti dára, kí ó lè ṣiṣẹ́ ní abúlé tí kò ti sí. Kí a gba iná sí bátìrì lálẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú. Kí méjì tàbí mẹ́ta nínú wa sì máa kọ́ ara wa, nítorí ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.

ÀWỌN OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢỌ́RA FÚN

Èkíní, owó àwọn òbí. Fídíò a máa jẹ dátà ju ọ̀rọ̀ tí a fi ohùn sọ lọ, ohùn sì ju ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ lọ. Bí ọ̀rọ̀ ìlà mẹ́ta bá tó, kí a má ṣe fi fídíò ránṣẹ́. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kò ní fóònù kò sì gbọdọ̀ tìtorí èyí pàdánù. Kí a kọ iṣẹ́ kan náà sórí pátákó fún un.

Èkejì, ààbò àwọn ọmọ. Kí a má ṣe fi àwòrán ọmọ, orúkọ rẹ̀ tàbí máàkì rẹ̀ síta. Òfin ààbò ìsọfúnni tí a fọwọ́ sí ní Nàìjíríà ní ọdún 2023 pàápàá béèrè àṣẹ òbí tàbí alágbàtọ́ nínú ọ̀ràn ìsọfúnni ọmọdé.

Ẹ̀kẹta, àwọn ẹ̀rọ tí ń dáhùn ìbéèrè bí ènìyàn, bí ChatGPT tí ó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2022. Wọ́n lè kọ àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ kí a tó ṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n wọ́n a máa fi ìgboyà sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní, ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni à á kọ́kọ́ wò. Kí a yẹ èdè Yorùbá tí wọ́n bá kọ wò, nítorí àmì ohùn ni ó fi ìyàtọ̀ sí ọkọ tí ó fẹ́ aya, ọkọ́ tí a fi ń roko, ọkọ̀ tí a ń wọ̀, àti ọ̀kọ̀ tí a fi ń jagun. Olùkọ́ tí ó bá gbé irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ síwájú ọmọ ti kọ́ ọ ní àṣìṣe náà. Kí àwa fúnra wa pẹ̀lú kọ́ bí a ti ń tẹ àmì ohùn. A lè yan èdè Yorùbá nínú Gboard lórí fóònù wa.

ÌPARÍ

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, bí a bá ń múra ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi ara wa ní ìbéèrè mẹ́ta. Kí ni a fẹ́ kí ọmọ mọ̀? Níbo ni ó ti máa ń ṣòro fún un? Irinṣẹ́ wo ni yóò mú ìṣòro náà kúrò, tí owó rẹ̀ kò sì ní pa àwọn òbí lára? Ní ọjọ́ kan ìdáhùn ìbéèrè kẹta lè jẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ọjọ́ mìíràn ó lè jẹ́ ọsàn àti ọ̀bẹ. Ẹni tí ó bá mọ ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yẹ, òun ni olùkọ́.