Ọmọ Màlúù Tí Kò Mọ Ọ̀tá Rẹ̀

Ọmọ mi, lọ́jọ́ Sátidé tó o wá kí mi, mo rí i pé ojú rẹ fà ro. O ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ tó ń pa èèyàn lo fẹ́ ṣèwádìí lé lórí, àmọ́ ọ̀gá rẹ ní yunifásítì ní kó o lọ mú fáírọ́ọ̀sì inú màlúù. O ní àwọn ẹgbẹ́ rẹ ti ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè ọ́ ní ìyá ẹlẹ́ran. Àlejò wà níjokòó lọ́jọ́ náà, mi ò lè sọ tinú mi tán. Ìdí tí mo fi kọ èyí nìyẹn.

Gba iṣẹ́ náà. Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún ó lé gba ẹ̀jẹ̀ lọ́rùn màlúù ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tó o rò pé wọ́n fi lé ọ jìnnà sí jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, àwọn tó kápá jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ C gba ibẹ̀ kọjá.

Ọ̀dọ̀ ibà pọ́njú ni ọ̀nà náà ti bẹ̀rẹ̀; ṣé o rántí abẹ́rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n gún ọ ní kékeré? Ìtàn rẹ̀ kan Èkó. Lọ́dún 1927, àwọn olùwádìí tó fi Yábàá ṣe ibùdó ń wá ohun tó ń fa ibà náà. Ní Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà lónìí, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn kan tó ń jẹ́ Asibi, wọ́n fi gún ọ̀bọ. Asibi yè é, ọ̀bọ kú. Adrian Stokes tó wà lára wọn kó ibà náà, ó sì kú l'Ékòó lọ́dún yẹn kan náà. Láti ara fáírọ́ọ̀sì Asibi ni Max Theiler ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára 17D tí wọ́n ṣì ń gún fún wa dòní.

Charles Rice, ará Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ka àkọsílẹ̀ àbùdá fáírọ́ọ̀sì 17D yìí látòkèdélẹ̀. Wọ́n gbé e jáde lọ́dún 1985, lẹ́tà 10,862 ló jẹ́. Nígbà tí Michael Houghton àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ wá rí fáírọ́ọ̀sì jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ C lọ́dún 1989, ìrísí rẹ̀ ò ṣàjèjì. Ẹbí ti ibà pọ́njú ni, ẹbí fáírọ́ọ̀sì ìgbẹ́ gbuuru màlúù tí wọ́n ní kó o mú sì ni pẹ̀lú.

Àmọ́ jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ C kọ̀, kò gbà kí wọ́n sin òun dáadáa nínú ìgò, títí di ọdún 2005. Ti màlúù kò ṣòro í sìn. Ó tiẹ̀ máa ń yọ́ wọ inú ìgò àwọn tí kò pè é, torí omi ẹ̀jẹ̀ ọmọ inú màlúù ni wọ́n fi ń bọ́ sẹ́ẹ̀lì ní yàrá ìwádìí. Àìrí àdán là ń fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Lára ti màlúù ni wọ́n ti kọ́ púpọ̀ nípa bí irú fáírọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣe ẹ̀dà ara rẹ̀, òun ni wọ́n sì fi dán àwọn oògùn kan wò kí ti èèyàn tó gbà. Rice ṣiṣẹ́ lórí méjèèjì. Lọ́dún 1996, òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìrù àkọsílẹ̀ jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ C, èyí tí kò sí nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ kà, jáde. Lọ́dún 1997, wọ́n fi odindi àkọsílẹ̀ tí wọ́n tò pọ̀ sínú ẹ̀dọ̀ ìnàkí, àrùn náà sì mú un. Òun, Houghton àti Harvey Alter ló jọ gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2020. Lónìí, oògùn oníhóró ni wọ́n fi ń wo jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ C, ọ̀sẹ̀ méjìlá lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn tó ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá sì lé ní 95 nínú 100.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kó o fi sọ́kàn jù, inú gáà kan ni mo ti rí i.

Ọmọ màlúù kan ni, abo, kò ju oṣù mẹ́jọ lọ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ga jù ú lọ, irun ara rẹ̀ rí jágajàga, imú rẹ̀ ń ṣomi. Mo gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, fáírọ́ọ̀sì kún ibẹ̀. Mo wá àwọn ọmọ ogun tó yẹ kí ara fi gbógun tì í, mi ò rí ọ̀kan. Mo tún gbà á lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bákan náà ló rí. Oyún rẹ̀ kò tíì pé oṣù mẹ́rin tí ìyá rẹ̀ fi kó àrùn náà. Àsìkò yẹn ni ara ọmọ ń kọ́ ẹni tí í ṣe ará ilé àti ẹni tí í ṣe àjèjì. Fáírọ́ọ̀sì ti wọlé kí ẹ̀kọ́ náà tó parí, ara sì kà á mọ́ ará ilé. Kò ní lé e jáde láéláé. Itọ́, ikun imú, ìgbẹ́, gbogbo rẹ̀ ló fi ń pín in fún agbo.

Bó bá tún yá, fáírọ́ọ̀sì náà lè yí padà. Nígbà mìíràn, á jí ègé kan nínú àbùdá màlúù fúnra rẹ̀, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ tirẹ̀. Rice àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn lọ́dún 1998 pé nínú ẹ̀yà kan tí wọ́n ń pè ní NADL, ègé tó jí yẹn gan-an ló sọ ọ́ di èyí tó ń pa sẹ́ẹ̀lì. Ẹnu ọmọ màlúù tí mo ń sọ yìí di egbò, ó ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, kò lò tó ọ̀sẹ̀ méjì.

Jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B kì í ṣe ẹbí fáírọ́ọ̀sì màlúù yìí, àmọ́ ìwà wọn jọra níbì kan. Bí ogún àgbàlagbà bá kó o, kò tó ẹnì kan tó máa bá kalẹ́. Ọmọ tó bá kó o lára ìyá rẹ̀ níbi ìkúnlẹ̀, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni kì í kúrò lára wọn mọ́.

Òun ló pa àbúrò mi lẹ́ni ọdún 41. Ojú rẹ̀ di àwọ̀ ìyeyè, ikùn rẹ̀ wú, apá rẹ̀ gbẹ. Àwọn kan ní ayé ló ṣe é, a sì fún un ní àgbo títí. Lẹ́yìn ìsìnkú ni dókítà kan ní kí gbogbo wa wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ìyá wa, tí nǹkan kan ò ṣe rí, ara rẹ̀ ló wà. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń fi etí ìborùn nujú, ó ní, “Ṣé èmi ni mo fún un ni?” Mi ò rí èsì fọ̀. Èmi tí mo mọ ọ̀rọ̀ ọmọ màlúù yẹn dunjú, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni yẹ ẹ̀jẹ̀ àbúrò mi wò nígbà tí ọwọ́ ṣì lè tó o. Ó ń dùn mí dòní.

Ẹ̀gbọ́n rẹ máa bímọ lóṣù tó ń bọ̀. Kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí, kí ìwọ náà bá a lọ, kí wọ́n yẹ tìrẹ wò. Bó bá bí i, kí wọ́n gún ọmọ náà ní abẹ́rẹ́ jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B kó tó pé wákàtí 24 láyé. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, má ṣe gbà. Pè mí, ì báà jẹ́ ọ̀gànjọ́ òru.