Ẹ Fi Aṣọ Rírán Kọ́ Ọmọ Ní Ìṣirò

Lásìkò ìkórè, ọ̀pọ̀ ọmọ wa kì í lè lọ sí iléèwé déédéé. Bẹ́ẹ̀, ọmọ tí kò mọ ìṣirò ni oníbàárà ń rẹ́ jẹ nídìí òṣùwọ̀n. Nígbà tí a bá mú abẹ́rẹ́ lálẹ́, ẹ jẹ́ kí á pe àwọn ọmọ mọ́ra, lọ́kùnrin lóbìnrin.

Ẹ jẹ́ kí á fi àpò ìwé ṣe àpẹẹrẹ. A fẹ́ kí ó fẹ̀ ní íǹṣì 12, kí ó sì gùn ní 14.

1. Fífẹ̀: a ó fi ààbọ̀ íǹṣì sílẹ̀ fún ojú ìrán lọ́tùn-ún, ààbọ̀ lósì. Ó di 13.

2. Gígùn: a ó ṣẹ́ aṣọ po nídìí àpò, nítorí náà 14 lọ́nà 2 jẹ́ 28. Ìṣẹ́tí ẹnu gba íǹṣì 1 níwájú, 1 lẹ́yìn. Ó di 30.

3. Ọ̀pá aṣọ kan, ìyẹn yáàdì, jẹ́ íǹṣì 36. Ẹ bi ọmọ pé kí ló dé tí a fi ń pè é ní mẹ́rìndínlógójì. Ó ku 4 kó pé 40 ni.

4. Bí aṣọ bá fẹ̀ ní íǹṣì 45, àpò mélòó ni ọ̀pá kan yóò fún wa? 13 lọ́nà 3 jẹ́ 39: àpò 3. Íǹṣì 6 tó ṣẹ́ kù létí, a ó fi ṣe okùn ìgbékọ́.

Kí ọmọ ṣírò tán kí á tó mú àlùmọ́gàjí. Bí ó bá ṣì í, ẹ má lù ú. Kí ó tún un wọ̀n. Aṣọ tí a bá ti gé kúrú kò ṣeé fà gùn.