Ọ̀lẹ ni, àbí ó ń sinmi?

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Manchester máa ń ṣe ìpinnu ọdún tuntun. Ẹlòmíràn á ní: "N kò ní ya ọ̀lẹ mọ́." Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ yẹn. Ọ̀lẹ ni ẹni tí ó lè ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ ṣe é. Ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ títí ó fi rẹ̀ ẹ́, tí ó wá jókòó, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó ń sinmi ni. Èébú gidi ni "ọ̀lẹ" láàrin Yorùbá. Ẹ má fi bú ọ̀rẹ́ yín, ẹ má sì fi bú ara yín.

Ẹ wo oyin. Láti ọdún 1842 ni ó ti wà lára àmì ìdánimọ̀ ìlú Manchester, nítorí pé kòkòrò tí ń ṣiṣẹ́ gan-an ni, ìlú náà sì kún fún ilé iṣẹ́ òwú nígbà náà. Síbẹ̀, ní ìgbà òtútù, oyin kì í jáde lọ wá òdòdó. Wọ́n máa ń kóra jọ sínú ilé wọn, wọn a máa jẹ ohun tí wọ́n kó pamọ́ ní ìgbà ooru. Ta ni yóò pè wọ́n ní ọ̀lẹ? Àwọn òṣìṣẹ́ òwú pàápàá jà fún ìsinmi. Òfin ọdún 1847 dín iṣẹ́ àwọn obìnrin àti ọ̀dọ́ kù sí wákàtí 10 lóòjọ́.

Báwo ni a ṣe ń sọ ìpinnu tí ó lè dúró? Ẹ fi àwọn gbólóhùn yìí wéra:

1. Màá ka ìwé Yorùbá.
2. Màá máa ka ìwé Yorùbá fún ìṣẹ́jú 10 lálaalẹ́.
3. N kò ní máa ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú.

Bí ẹ bá kàwé lẹ́ẹ̀kan péré, gbólóhùn kìíní ti ṣẹ. Ní gbólóhùn kejì, "máa" sọ ìwé kíkà di àṣà. Ìsinmi ni ẹ̀kẹta, ìpinnu gidi sì ni òun náà.

Ìṣẹ́jú 10 kò pọ̀, àmọ́ Yorùbá ní díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Ẹ kọ ìpinnu mẹ́ta. Ẹ lo "máa" nínú gbogbo wọn, kí ọ̀kan jẹ́ ti ìsinmi. Ẹ má lo "ọ̀lẹ".