Ẹ Fi Igi Tútù Ṣe Òpó Àtíbàbà Ẹ̀yìnkùlé Yín

Ẹni tó ti oko dé lọ́sàn-án ń fẹ́ ibi tútù tí yóò jókòó sí. Ṣùgbọ́n igi gbígbẹ tí a sábà ń rì fún òpó àtíbàbà, oúnjẹ ikán ni. Èmi náà ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ikán jẹ òpó méjì nídìí, gbogbo rẹ̀ sì wó lóru. Bó bá jẹ́ ọ̀sán ni, àwọn ọmọ ni ì bá wó lé.

Ikán kì í sábà jẹ igi tó ń hù. Ẹ ṣe é báyìí:

1. Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ gé ẹ̀ka ìyeyè tàbí akòko mẹ́rin tó nípọn bí apá àgbàlagbà, tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 9.

2. Ẹ rì wọ́n wọlẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 2, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn ilé. Ẹ má dorí wọn kodò o.

3. Ẹ dúró kí wọ́n rúwé dáadáa. Èyí tó bá kú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ to ọparun lé wọn lórí. Ẹ má fún okùn jù, nítorí òpó á máa sanra.

4. Ẹ gbin amúnútutù sídìí òpó kọ̀ọ̀kan. Yóò fà gùn ún lọ sókè, yóò ṣíji bò yín, ẹ ó sì máa já a sọ́bẹ̀.

Ẹ máa gé ẹ̀ka òpó tó bá pọ̀ jù, kí afẹ́fẹ́ lè ráyè fẹ́. Ohun tí kò bá yé yín, ẹ bi wá tí a bá wá sí abúlé yín.